Àmì Ohùn Ló Dá Mi Padà sí Iléèwé

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, mo fi ìtàn kan ránṣẹ́ sí olóòtú kan tó ń gba ìtàn kéékèèké ní èdè Yorùbá. Ojú ewé mẹ́sàn-án péré ni. Ìtàn ìyá kan tó ń rẹ aṣọ láró ni, ó sì ti wà nínú mi láti kékeré, nítorí iṣẹ́ tí ìyá ìyá mi ṣe títí ó fi dàgbà nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, olóòtú dá a padà. Kò bú mi. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ìtàn náà wu òun, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ wà tí òun kò ti mọ ohun tí mò ń sọ, kí n jọ̀ọ́ fi àmì sí i.

Mo padà sórí ìwé náà láti wá ibi tó ń sọ. Ibi àkọ́kọ́ tí ojú mi bà lé ni ìlà yìí: "Iya na owo si omo re." Èmi tí mo kọ ọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ni ìyá nà sí ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú orí mi ńkọ́? Ó lè kà á sí owó. Ó lè kà á sí ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Ibi tí ọkàn mi ti wúwo jù nígbà tí mò ń kọ ìtàn náà, ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń kà á ti dúró tó ń wá ọ̀nà.

Olùkọ́ ni mí. Láti ọdún 1998 tí mo ti gba NCE ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, Yorùbá sì wà lára ohun tí mò ń kọ́ wọn. Mo máa ń kọ dò, re, mí sójú pátákó, àwọn ọmọ á sì fi ṣe orin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú báírò láti fi àmì sí ojú ewé mẹ́sàn-án yẹn, ọwọ́ mi rọ. Mo mọ àmì orí bàtà, mo mọ ti ilé, mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín igbá àti ìgbà. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti wọnú ara wọn, tí fáwẹ̀lì kan bá ti pa èkejì jẹ, n kò mọ ibi tí ohùn tó ṣẹ́kù ń lọ mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lórí ojú ewé méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin ni mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ padà sí iléèwé.

Ó ń gbọ́ ìròyìn lọ́wọ́. Ó pa rédíò. "Ìyá Ayọ̀, nítorí àmì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àmì. Ó bi mí ní ọdún tó kù kí n fẹ̀yìn tì. Nígbà náà, ọgọ́ta ọdún lọ́jọ́ orí tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ni òfin wí fún olùkọ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, èmi sì ti lò ju ogún ọdún lọ. Ó ní owó tí dìgírì máa fi kún owó oṣù mi kò lè dí owó iléèwé tán kí n tó fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ló sọ, n kò sì bá a jiyàn. Ohun tí mo sọ fún un ni pé mo ti ń sọ èdè yìí fún ọdún 45, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ kí n tó kú. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ó dáa. Ta ni yóò máa dáná nígbà ìsinmi?" Ayọ̀ tó jẹ́ àkọ́bí wa ló dáhùn láti inú yàrá pé òun ni. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn.

Ètò tí a ń pè ní sandwich ni mo bá wọlé, èyí tí àwọn olùkọ́ fi ń kàwé nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá wà ní ìsinmi gígùn. Yorùbá ni mo yàn. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni a bẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ ẹni ọdún 46. Èmi àti olùkọ́ obìnrin méjì míì gba yàrá kan ní ìta ọgbà iléèwé, a jọ ń se ìrẹsì nínú ìkòkò kan, a sì jọ ń ka ìwé lábẹ́ iná fóònù nígbà tí kò bá sí iná.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní gírámà kéré sí mi. Ó ṣeé ṣe kí n fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Nínú kíláàsì, màá dìde kí n tó dá a lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Bí a bá ti jáde síta, òun ni yóò tẹríba, yóò fi ọwọ́ kan ilẹ̀ díẹ̀, "Ẹ káàsán, mà." Kò sẹ́ni tó kọ́ èmi àti òun bí a ó ṣe ṣe é. Ìmọ̀ ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, ọjọ́ orí ní tirẹ̀, ìkan kò sì dí ìkejì lọ́nà. Ẹ̀rù tó bà mí jù kí n tó wọlé ni pé ojú á máa tì mí níwájú àwọn ọmọdé. Ojú kò tì mí. Àwọn tó kéré ní kíláàsì náà ń pè mí ní Mọ́mì, wọ́n sì ń yá ìwé mi wò, nítorí mo máa ń kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ bá sọ, títí kan èyí tó sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Bàbá mi kú ní ọdún 2003, lẹ́tà rẹ̀ mọ́kànlá ló sì wà lọ́wọ́ mi, èyí tó kọ sí mi nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó máa ń kọ "aiye", ó máa ń kọ "enia", "nwọn", "ẹiyẹ". Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka àwọn lẹ́tà yẹn, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé bàbá mi kò mọ Yorùbá kọ. Akọ̀wé ni, ó gbọ́n, ó mọ Bíbélì lórí, ṣùgbọ́n mo gbà pé Yorùbá kíkọ kò yé e.

Ní kíláàsì àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ó ṣe máa kọ èdè sílẹ̀, ni olùkọ́ ti mú wa rin ìrìn àjò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ọ̀rọ̀ tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843. Ó dé orí ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ní Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 1875, níbi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí lẹ́tà tí a ó máa fi kọ èdè yìí. Ó ní láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àkọtọ́ yẹn ni Bíbélì, ìwé orin àti ìwé kíkà iléèwé ń tẹ̀ lé. Ó sọ iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe lórí àkọtọ́ ní 1965, ó sì sọ bí ìjọba ṣe fọwọ́ sí èyí tí a ń lò báyìí ní 1974. "Aiye" di ayé. "Enia" di ènìyàn. "Nwọn" di wọn.

Mo ṣírò ọdún tí bàbá mi jáde iléèwé. Ó ti pẹ́ tó ti jáde kí 1974 tó dé. Kò sí àṣìṣe kan nínú lẹ́tà rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló kọ, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ, kò fo ọ̀kan. Omijé bọ́ sórí ìwé mi níbi tí mo jókòó sí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá orí ń fọ́ mi, mo ní rárá. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi fi ẹ̀sùn kan òkú tí kò lè dáhùn.

Ohun kan náà ló mú ẹ̀rù ìwé kíkọ kúrò lára mi. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àmì àti lẹ́tà wọ̀nyí ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kì í ṣe ọmọ Yorùbá tó péye. Ó wá yé mi pé àwọn ènìyàn ló jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n bá ara wọn jiyàn, kí wọ́n tó mọ bí a ó ṣe kọ ayé sórí bébà. Ohun tí ènìyàn kọ́ ara wọn ni. Èmi náà lè kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásitì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Ìsinmi gígùn ọdún náà dé, ó sì kọjá, ilẹ̀kùn kíláàsì wa kò ṣí. Àwọn kan nínú wa kò padà wá mọ́. Ẹnì kan tí a jọ gba yàrá ní ọdún àkọ́kọ́ bí ọmọ, ó sì ní ó ti tán fún òun. Èmi náà bẹ̀rù ara mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó lásán fún oṣù mẹ́jọ, ohun tí mo ti kọ́ á tú dànù. Mo wá gbé ìtàn aláró tí wọ́n dá padà yẹn síta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ, mo sì pinnu pé màá máa fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn ní apá kọ̀ọ̀kan, kí n lè rí ìdí tí màá fi máa fi àmì sí nǹkan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni mo mú, aago mẹ́jọ alẹ́. Mo ronú sí i dáadáa kí n tó mú un. Alẹ́ Ọjọ́rú, ẹ̀kọ́ Bíbélì ni lọ́dọ̀ wa. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó ní òde ọjọ́ Sátidé ti ń múra. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ṣófo nínú ọ̀sẹ̀ àwọn tí mo mọ̀.

Mo kó nọ́ńbà òbí àwọn ọmọ kíláàsì mi, ti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ti ìjọ wa, mo ṣe wọ́n sí broadcast lórí WhatsApp. Ọgọ́fà ènìyàn lé díẹ̀. Mo fi apá kìíní ránṣẹ́. Ènìyàn mọ́kànlá ló dáhùn. Apá kejì, mẹ́sàn-án. Ó dùn mí wọ inú. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé bóyá ìtàn náà kò dára lóòótọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ló wá sọ fún mi pé broadcast kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tíì fi nọ́ńbà ẹni pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀. Èmi ni mo ní nọ́ńbà wọn. Àwọn kò ní tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ kò dé ẹnu ọ̀nà wọn pàápàá.

Mo rò ó pé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju ti fóònù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn òun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ lórúkọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti jíròrò lórí àga tó bàjẹ́, màá lọ bá ìyá kan: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, mò ń kọ ìtàn kan, ẹ bá mi fi nọ́ńbà mi sórí fóònù yín." Ọ̀dọ̀ aránṣọ mi, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ Mọ́níyà, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà. Àwọn tó gbà, mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan àti ohun tí wọ́n ń ṣe, kí n lè mọ ẹni tí mò ń kọ̀wé sí. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n ṣí iléèwé ní oṣù Kẹwàá, orúkọ 340 ló wà nínú rẹ̀, mo sì ti fi Ọjọ́bọ̀ 27 ránṣẹ́ láìfo ọ̀kan.

Àmì náà dá ìjà sílẹ̀. Ìyá kan tó ń ta kòkò ní Apáta fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí, ìtàn yín dùn, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tí ẹ ń tò sórí rẹ̀ yìí ń dí mi lójú." Ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní kí n yọ ọ́, pé ọmọ Yorùbá kò nílò rẹ̀ láti ka Yorùbá. Mo dá gbogbo wọn lóhùn, mo sọ ìtàn "Iya na owo" fún wọn, n kò sì yọ ọ́. Ìyá oníkòkò kò fẹ́ràn àmì títí di òní. Ó ń kà á bẹ́ẹ̀.

Fóònù àwọn kan tún ń gbé àmì náà sí ibi tí kò yẹ. Ẹ wo é: lẹ́tà kan ṣoṣo ni fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tirẹ̀. Ẹ ni a kọ́kọ́ ń kọ, a ó sì gbé àmì lé e lórí, ó kù sí ọwọ́ fóònù láti gbé e jókòó dáadáa. Fóònù tó ti pẹ́ máa ń jẹ́ kó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Èyí ń bí mi nínú gidigidi, ó ṣì ń bí mi nínú. Èdè tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń sọ kò yẹ kó máa bẹ fóònù kí ó tó jókòó. Mo bẹ àwọn tí tiwọn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tí kò lè rí i kà rárá, mo ń fi ohùn mi kà á sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí a padà sí kíláàsì, a dé orí bí ìtàn àròsọ Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ti mọ Fágúnwà àti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rẹ̀ jáde. Olùkọ́ ní kí a padà sẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Ó sọ fún wa nípa Isaac Thomas, oníwèé ìròyìn l'Ékòó, tó ń ṣe Akéde Èkó. Láti ọdún 1929 wọ 1930, ó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde nínú ìwé ìròyìn náà, obìnrin tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá, tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ fún aráyé. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí i, wọ́n ń káàánú rẹ̀, wọ́n ń bá a jiyàn, ìwé ìròyìn náà sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde. Ní 1930, ó kó lẹ́tà náà jọ di ìwé.

Ara mi gbọ̀n. Àwọn ènìyàn ń dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn máa jáde kí wọ́n lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan. Lọ́wọ́ wọn ni ìwé náà ti dàgbà kó tó di ìwé. Èmi ti rò pé ohun tí mò ń ṣe lórí fóònù jẹ́ nǹkan ayé òde òní, nǹkan tí a kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó, pé òǹkọ̀wé gidi máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó tó kọ̀wé tán ni. Ó wá hàn sí mi pé ọ̀nà tí mo gbà ni ọ̀kan lára àwọn ìtàn àròsọ gígùn wa àkọ́kọ́ gbà wọ ayé. Alẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará Ọjọ́bọ̀. Bàbá kan fèsì pé bàbá òun máa ń dárúkọ Ṣẹ̀gilọlá nígbà tí òun wà ní kékeré, òun kò mọ̀ pé inú ìwé ló ti jáde.

Mo ṣìnà díẹ̀ ní ọdún 2023. Mo san owó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bí òǹkọ̀wé ṣe ń di gbajúmọ̀. Wọ́n ní kí n máa gbé nǹkan síta lójoojúmọ́, kí n máa ya fọ́tò ara mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí n máa ka iye àwọn tó ń tẹ̀ lé mi, kí ohun gbogbo tí mo bá kọ parí sí ibi tí màá ti ní kí wọ́n ra nǹkan. Mo ṣe é fún oṣù méjì lórí Facebook. Iye náà gòkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. N kò ní àkókò láti dá ènìyàn lóhùn mọ́, ìtàn náà sì ń kúrú. Ìyá oníkòkò fi ohùn ránṣẹ́: "Àǹtí, ṣé ara yín le? Ẹ kò sọ̀rọ̀ bí ẹ ti í sọ̀rọ̀." Mo pa ètò ojoojúmọ́ náà tì ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. N kò sọ pé kò dára fún ẹlòmíì. Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń fi owó jíjẹ ra dátà, mo gbà pé ìdáhùn kan tó tọkàn wá ju fọ́tò ogún lọ.

Nínú ìtàn mi, ìyá náà máa ń fi búrọ́ṣì kọ àwòrán sára aṣọ funfun, yóò sì ki aṣọ bọ aró. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ohùn kan wọlé láti Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun máa ń ka ìtàn mi fún ìyá ìyá òun, ìyá sì ní kí òun gbé fóònù fún òun. Lẹ́yìn náà ni ohùn àgbàlagbà kan wọlé, ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n a kì í fi búrọ́ṣì kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyẹ́ adìyẹ ni. A ó po láfún, a ó fi ìyẹ́ kọ ọ́, a ó sá a kí ó gbẹ. Èkejì ni pé ìyá tí ò ń sọ yìí, ṣé aládìrẹ ni tàbí aláró? Ẹni tó ń kọ aṣọ, aládìrẹ ni. Ẹni tó ń rẹ ẹ́, aláró ni. Iṣẹ́ méjì ni."

Mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́ta. Nígbà kẹta ni mo rántí pé n kò rí ìyá ìyá mi kí ó kọ nǹkan sára aṣọ rí. Àwọn obìnrin kan ni wọ́n máa ń gbé aṣọ wá, aṣọ tó ti ní àwòrán funfun gíràgírà lára tó bá ti gbẹ, tí wọ́n á gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò aró, tí wọ́n á sì padà wá gbé e. Mo ti rí i. Mo jókòó sí àgbàlá yẹn ní gbogbo ìgbà èwe mi. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo rí, títí ìyá tí n kò rí rí fi sọ orúkọ rẹ̀ fún mi láti inú fóònù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Mo ti ń kọ òwe yìí sójú pátákó fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ọjọ́ yẹn ló tó mú mi lọ́rùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kọ́kọ́ kọ àtúnṣe síta kí n tó fi apá tuntun ránṣẹ́. Mo ní mo ṣì í kọ, mo sì sọ ẹni tó kọ́ mi, bí ó ṣe gbà mí láyè láti sọ. Lẹ́tà tó wọlé lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ kankan lọ. Àwọn ènìyàn ń kó ọ̀rọ̀ wá bí ẹni ń kó igi wá sí ibi ìdáná. Ẹnì kan láti Òṣogbo sọ bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹlú, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n ń sá a. Ẹnì kan sọ ti omi eéru. Ẹnì kan bá mi sọ̀rọ̀ lórí àyìnrín, aṣọ tí kò pẹ́ nínú aró. Ẹnì kan tó ń gbé ní London fi fọ́tò àdìrẹ ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ránṣẹ́, òpó gbọ̀ngàn Màpó wà lára rẹ̀ kedere. Mo gbé gbogbo rẹ̀ tọ olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi lọ. Mo ti mú àkòrí mìíràn tẹ́lẹ̀, nípa òwe nínú eré onítàn. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Mà, iṣẹ́ yín nìyí o. Ẹ fi èyí tí ẹ mú tẹ́lẹ̀ sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ aró ni mo ń kọ lé lórí báyìí. Ọ̀rọ̀ 112 ló ti wà nílẹ̀, àmì wà lórí gbogbo rẹ̀, mo sì fi ohùn ìyá tó sọ ọ́ pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ibi tí àmì bá ti rú mi lójú, ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń padà sí.

Ìwé náà jáde ní 2024. Mọ́kọ́lá ni mo ti tẹ̀ ẹ́, 300 ẹ̀dà. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí owó bébà lọ́dún náà. Gbogbo ẹni tó tẹ ìwé mọ̀ ọ́n. Ohun tó gbà mí lákòókò jù ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé ẹsẹ̀ ọ mì nínú ìdánwò àkọ́kọ́, gbogbo ọ di o. Ìgbà mẹ́rin ni mo lọ kí ó tó dúró. Mo gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́dọ̀ National Library, mo sì gbé ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn bí òfin ṣe wí. Àwọn ará Ọjọ́bọ̀ ti san owó 212 ẹ̀dà kí bébà tó dé orí ẹ̀rọ. Ọ̀kan lọ sí Ìtòkú, mo gbé e lọ fúnra mi. Ìyá náà kò mọ̀wé kà. Ó fi ọwọ́ pa èèpo ìwé náà, ó ṣí i, ó bi ọmọ ọmọ rẹ̀ níbi tí ìyẹ́ adìyẹ wà. Ọmọ náà fi ìka hàn án. Ó gbé ìka tirẹ̀ lé ojú ibẹ̀, kò sì tètè gbé e kúrò.

Ìtàn kejì ni mo ń kọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkòkò aró obìnrin kan là sí méjì, ibẹ̀ ni mo dá a dúró sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ohùn ti wọlé láti Ìtòkú. "Ọmọ mi, ìkòkò ti fọ́. Ta ni yóò mọ òmíràn fún un? Ní gbogbo àdúgbò tí o kọ yẹn, n kò rí amọ̀kòkò kan ṣoṣo."

Mo yẹ ìtàn náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, kò sí. N kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò. Mo ti bi olùkọ́ kan ní kíláàsì wa, ọmọ Ìlọrin, bóyá ó lè mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò Dàda. Ó ní kí n wá ní Sátidé, kí n má wọ bàtà tó dára, kí n sì mú ìwé dání.